Ọ̀ọ́dúnrún Láràárọ̀

Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán ládùúgbò wa,
Bàbá Ayélàágbé ti wà lórí pápá.
Ahunṣọ ni tẹ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì;
okùn òfì ló fi ń wọn yáàdì méjìlélógún,
kò sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì rí.
Amọ̀ ọ̀gán ló fi tẹ́ ojú ibẹ̀.
Ọ̀nà Ìdọ̀fìán ló ti ń kó o, àpò kan lẹ́yìn ọ̀kadà,
á gún un, á sẹ́ ẹ,
á wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó.
Bí ilẹ̀ náà bá sán lásìkò ọyẹ́,
òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Èmi ni mo ń ju bọ́ọ̀lù.
N kì í ṣe kóòṣì. Nínú ìwé owó oṣù,
“àwọn yòókù” ni wọ́n pè wá,
èmi àti ẹ̀rọ tó ń gé koríko.
Ọ̀ọ́dúnrún láràárọ̀, apá ọ̀tún,
gbogbo rẹ̀ sí ojú kan náà tí ẹ̀rù ti ń ba ọmọ.
Tó bá dalẹ́, n kì í lè fi ọwọ́ yẹn bu òkèlè.
Ìyàwó mi ní, “Ṣé òkúta lẹ ń fọ́ ní pápá ọ̀hún ni?”

Kóòṣì Ọláògún, ará Ọ̀rọ̀, kì í pariwo.
Ẹ̀yìn àwọ̀n ló ń dúró sí, á káwọ́ sẹ́yìn,
á ní, “Ìgbọ̀nwọ́.”
Ó parí.
Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tún ní, “Orí.”
Ọmọ tó bá ń retí ìyìn lẹ́nu rẹ̀,
kó wá ìjókòó.

Sídíkátù ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀,
pẹ́ńsù létí, ìwé lórí orúnkún.
Bọ́ọ̀lù tó bímọ, á kọ iye ọmọ rẹ̀;
èyí tó yàgàn, á fi àmì kínkín sí i.
Lọ́jọ́ kan ó ṣí ewé mọ́kànlá sẹ́yìn.
“Ẹ wò ó, Ràbíù kì í kú lọ́sàn-án.
Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa á,
tí bọ́ọ̀lù bá ti gba òsì wọlé.”
Gbogbo wa dákẹ́.
Ọdún méjì la ti fi ń wo ọmọ yìí.
Kóòṣì yí ojú sí mi, ó ní, “Ìrọ̀lẹ́ náà.”
Bó ṣe di ẹgbẹ̀ta nìyẹn.

Ọjọ́ tí Ràbíù gbá ọgọ́rùn-ún l’Ábújá,
inú fóònù Sídíkátù la ti gbọ́ ọ, lábẹ́ igi dóńgóyárò.
Bàbá Ayélàágbé bú sẹ́kún.
Fúlàní oníwàrà tó ń kọjá sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀,
ó bi wá pé ta ló kú.
Kóòṣì ní, “Ẹnì kankan ò kú, ìyá.
Ìyẹn gan-an ni ìròyìn náà.”
A ra wàrà rẹ̀ tán pátá, àwìn.

Nínú àwòrán ìwé ìròyìn,
kọmíṣọ́nnà ló di bátì mú.
Ràbíù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gé etí rẹ̀ kan kúrò.
Bàbá Ayélàágbé gbé e sún mọ́ ojú dáadáa.
“Ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn,” ó ní, “wọn ò bomi rin ín tó.”

Lóru ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún.
Kò kí mi tán.
“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún pa mí.”
“Ìrọ̀lẹ́?”
“Ìrọ̀lẹ́ ni.”
“Òsì?”
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.
“Jímọ̀ ni mò ń bọ̀,” ó ní.
Mo nawọ́ wá igbá òrí nínú òkùnkùn,
ọwọ́ ìyàwó mi ti wà nínú rẹ̀.